POP wà lẹ́sẹ̀: eré ìdárayá wo ló ṣeé ṣe fún apá, àyà àti ẹ̀yìn?

Àkànjí_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo nílò ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ nípa ara. Egungun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ló sán. Wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ, POP ni wọ́n dì í láti ìdí ọmọ-ìka dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Dókítà ní ẹsẹ̀ náà ò gbọdọ̀ kanlẹ̀ títí a ó fi tún ya fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ kẹta la wà báyìí, kírọ́ọ̀ṣì méjì tó ń dé abíyá ni mo fi ń rìn.

Ọmọ ọdún 34 ni mí, mo wọn kílò 78, mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Jímù àdúgbò wa wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mi ò sì lè máa gbé POP há ẹ̀yìn takisí Mikira lójoojúmọ́. Ohun tó wà nílé ni dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì kílò 10 méjì àti bẹ́ńṣì onígi kan. Kí ni mo lè ṣe tí òkè ara ò fi ní rọ? Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Èwo ni kí n má dán wò rárá?

Màmá_Àpáta

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á mú un san. Tèmi ni pé kí o sinmi. Egungun tó ń so pọ̀ ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti agbára, tó o bá wá ń ná an sórí irin, kí ló máa kù fún ẹsẹ̀? Jókòó, jẹun, gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Irin ò ní sá lọ.

Irin_Òkè_Àdó

Màmá, ẹ kú àánú ọmọ o, àmọ́ apá ò sí nínú POP. Àkànjí, ẹni tó bá ti lè jókòó lè ṣiṣẹ́. Bench press (dídùbúlẹ̀ ti irin sókè láti àyà) lórí bẹ́ńṣì yẹn, títi dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì sókè orí, curl (kíká ìgúnpá láti gbé irin), kí o wá fi àga méjì ṣe dips (fífi ọwọ́ sọ ara kalẹ̀, kí o tún tì í padà sókè). Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ bí o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ló sán, àyà ò sán.

Físíò_Agodi

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Màmá, ẹ ò jẹ̀bi pé ara ń ná agbára láti tún egungun ṣe. Ṣùgbọ́n eré ìdárayá tó wà níwọ̀n kì í jí oúnjẹ egungun. Ohun tó ń fa ìdádúró nínú sísopọ̀ egungun ni sìgá, àìjẹun dáadáa, ìtọ̀ ṣúgà tí a ò kápá, àti títẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ kó tó tó àkókò. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lásán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, apá tó fẹ́ fi lo kírọ́ọ̀ṣì gan-an ni yóò rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ìṣubú ti ń wá.

Irin, ohun tí ẹ gbàgbé ni kírọ́ọ̀ṣì. Ẹ wò ó: ní gbogbo ìgbà tí Àkànjí bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ìwúwo ara rẹ̀ ń bọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ìgúnpá ń nà, èjìká ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Dips nìyẹn. Láti yàrá dé ilé ìdáná, dé balùwẹ̀, dé gééti, ó ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ láìkà á sí eré ìdárayá. Nítorí náà, iṣan ẹ̀yìn apá, iwájú èjìká àti ọrùn ọwọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni ẹ̀yìn òkè, láàárín eegun bẹẹrẹ méjèèjì (eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká), àti ẹ̀yìn èjìká. Ìlànà tí mo máa fún un ni pé kó fà lẹ́ẹ̀mejì fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá tì. Bí sétì títì (sétì ni ìdì kan tí a ṣe léraléra kí a tó sinmi) bá jẹ́ 3, kí sétì fífà jẹ́ 6. Tí ọrùn ọwọ́ tàbí iwájú èjìká bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, títì ni kó kọ́kọ́ dín, kó má fọwọ́ kan fífà.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, kó wọn kírọ́ọ̀ṣì náà dáadáa. Tó bá dúró ṣinṣin, ìka ọwọ́ méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ àárín abíyá àti orí kírọ́ọ̀ṣì. Ibi ìdìmú gbọ́dọ̀ bá ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ká nígbà tí apá bá sọ sílẹ̀, kí ìgúnpá ká díẹ̀ nígbà tó bá di í mú. Ọwọ́ ni ìwúwo ń gbà, abíyá kọ́. Orí kírọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ ìhà ni a fi ń fún un mọ́ra. Ẹni tó bá fi abíyá rọ̀ mọ́ ọn ń tẹ iṣan ìmọ̀lára tó gba ibẹ̀ kọjá: ọwọ́ á máa ra, ó lè di pé ọrùn ọwọ́ ò ní lè gbé ara rẹ̀ sókè mọ́. Tí ìyẹn bá bẹ̀rẹ̀, kó dá eré ìdárayá dúró, kó sì lọ rí wọn nílé ìwòsàn.

Iye: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan láàárín, ìṣẹ́jú 30 sí 40. Ìgbà 10 sí 15 nínú sétì kan, kó dáwọ́ dúró nígbà tó bá kù bíi méjì tàbí mẹ́ta tí kò ní lè ṣe mọ́. Kó máa mí síta nígbà tó bá ń lo agbára. Dídi ìmí mú máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì, kódà fún ẹni tí kò ní àìsàn náà.

Irin_Òkè_Àdó

Mo gbọ́, físíò. Ọ̀rọ̀ kírọ́ọ̀ṣì yẹn wọlé. Àmọ́ ìlọ́po méjì yẹn ti pọ̀ jù fún mi. Kírọ́ọ̀ṣì kì í ṣiṣẹ́ àyà bí bench press ṣe ń ṣe é. Kí wá ló burú nínú bench press?

Kóòṣì_Challenge

Irin, bench press fúnra rẹ̀ ò burú. Bẹ́ńṣì ni wàhálà. Bẹ́ńṣì onígi fún ìjókòó kì í fẹ̀ tó ẹ̀yìn èèyàn. Ẹni tó ń ti irin lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló fi ń mú ara dúró. Bí ẹsẹ̀ kan ò bá sí níbẹ̀, tí dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì kan sì fì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ara á yí. Ẹ mọ ohun tí ara máa ń ṣe tó bá fẹ́ ṣubú? Á ju ẹsẹ̀ tó bá sún mọ́lẹ̀ jù síta láti fi gba ara dúró. Kò ní bi ọ́ léèrè èwo ló wà nínú POP.

Ohun tí mo fi ń yan eré ìdárayá fún irú ẹni báyìí nìyẹn: tí ìwọ̀n bá sọnù, ibo ni ẹsẹ̀ á lọ? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "ilẹ̀", mi ò ní fún un ṣe. Gbogbo ohun tó jẹ́ pé ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, yọ ọ́ kúrò. Fífà irin lórí ìdúró-tẹ̀ba, yọ ọ́. Pull-up tó jẹ́ pé o máa fò mọ́ irin, o sì máa já bọ́, yọ ọ́. Gígùn ún ò le tó sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀.

Àyà: dùbúlẹ̀ sórí ẹní nílẹ̀. Ìrọ̀rí méjì sábẹ́ POP, orúnkún òsì ká, àtẹ́lẹsẹ̀ òsì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ti dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì sókè láti ibẹ̀. Ilẹ̀ á gba ìgúnpá dúró kí èjìká tó lọ sẹ́yìn jù, ìyẹn sì dára fún iwájú èjìká tí kírọ́ọ̀ṣì ti ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rò pé kílò 10 kéré, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún kíkà mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ìgúnpá sinmi nílẹ̀ fún kíkà kan, kẹ́ ẹ tó tì í. Lẹ́yìn ìgbà 12 ẹ óò padà wá sọ fún mi.

Àkànjí_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an. Mo wọn kírọ́ọ̀ṣì, ó ga jù, ìka kan péré ló wọ abẹ́ abíyá. Fífà ńkọ́? Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi fà.

Kóòṣì_Challenge

Tíúbù ọ̀kadà. Rán ọmọ lọ bá fọkanáísà, wọ́n máa ń ní èyí tí wọ́n ti ṣá tì. Má gba èyí tó ní pátàsì, ibi tí wọ́n lẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń ṣí. Gé ibi tí ẹnu tí wọ́n ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wà kúrò, tìka tẹ̀gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á wá di okùn gígùn kan. Fi ọṣẹ àti omi fọ inú rẹ̀ nítorí ìyẹ̀fun funfun tó wà níbẹ̀, sá a síbòòji kó gbẹ. Nà án lójú ìmọ́lẹ̀ kí o wo gbogbo ara rẹ̀. Tó o bá rí ojú tó ń sán wẹ́wẹ́, lọ gba òmíràn.

Irin ojú fèrèsé tí a fi ń dènà olè ni kí o so ó mọ́. Má so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn láéláé. Fi àkísà wé ojú irin náà kó tó kan tíúbù, torí ẹnu irin tí wọ́n fi wẹ́dà jó máa ń mú, á sì máa gé rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀. Kókó méjì lórí ara wọn, kí o fi gbogbo agbára fà á kí o tó jókòó sí iwájú rẹ̀. Tó bá já tàbí tó yọ, ojú rẹ ló ń bọ̀, nítorí náà má gbé ojú sí ọ̀kánkán ibi tó so mọ́.

Gbé bẹ́ńṣì sí iwájú fèrèsé, kí ó jìnnà tó kí tíúbù máa le díẹ̀ nígbà tí apá bá nà. Ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ mọ́lẹ̀. POP wà lórí àpótí pẹ̀lú ìrọ̀rí, kó nà.

Àkọ́kọ́: so ó ní ọ̀gangan àyà. Fa ìgúnpá méjèèjì sẹ́yìn títí ọwọ́ á fi kan ìhà, fún eegun bẹẹrẹ pọ̀, kà dé méjì, dá a padà fún kíkà mẹ́ta. Ìgbà 12 sí 15, sétì mẹ́ta.

Ìkejì: so ó sókè fèrèsé, fà á wá sísàlẹ̀ sí àyà. Èyí ló máa dípò pull-up fún ìgbà yìí.

Ìkẹta: so ó ga ju orí lọ díẹ̀, fà á wá sí ìhà etí méjèèjì, kí ìgúnpá wà lókè. Kí tíúbù tinrín síi fún èyí; là á sí méjì ní gígùn. Ìgbà 15. Ẹ̀yìn èjìká nìyí, òun gan-an ni físíò ń sọ.

Ìkẹrin, fún ìgbà tí èjìká bá ń ro: ká tówẹ́ẹ̀lì sí abẹ́ apá, ìgúnpá ká mọ́ ẹ̀gbẹ́, yí ọwọ́ síta. Díẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹni tó bá fi tíúbù tó le ṣe é, gbogbo ara ni yóò máa yí dípò èjìká.

Tọ́pẹ́_Sángo

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá fẹ́ ohun tó wúwo sí i, ọ̀rá piọ̀ wọ́tà. Odindi àpò kan, ọ̀rá 20 tó jẹ́ 50cl, kílò 10 ni. Ẹ kó iye tẹ́ ẹ fẹ́ sínú báàgì ẹ̀yìn, ọ̀rá méjì kílò kan. Ó rọrùn láti fi kún un díẹ̀díẹ̀, kò sì ná yín ní nǹkan kan, ẹ ṣì máa mu ún.

Nọ́ọ̀sì_Bódìjà

Tọ́pẹ́, ìṣirò rẹ dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn á bẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni POP wà. POP tó bá rin á rọ̀, kò ní mú egungun dúró mọ́, awọ inú rẹ̀ á sì máa jẹrà. Iyanrìn gbígbẹ ni kó lò. Kó jọ̀ ọ́, kó sá a kó gbẹ dáadáa, kó rọ ọ́ sínú ike. Ike 75cl tí omi kún inú rẹ̀ jẹ́ kílò 0.75, tí iyanrìn bá kún un, ó máa tó kílò 1.2. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí iyanrìn kún, bíi kílò 8 ni. Èyí tó ní ọwọ́ tí a fi ń dì í mú ló dára jù.

Àti òógùn. Ìbàdàn ń móoru, iná NEPA ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Kó ṣe é ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kí ó fi aṣọ gbígbẹ wé ẹnu òkè POP kí òógùn má ṣàn wọlé. Kó sì nu ara kó tó dùbúlẹ̀. Tí inú rẹ̀ bá ń yún un, kó má ki igi ìgbálẹ̀ bọ ibẹ̀ o. Ojú ọgbẹ́ tí a ò lè rí nínú POP burú. POP tó bá ń rùn tàbí tí ohun olómi ń jáde lára rẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Kóòṣì_Challenge

Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ dáadáa. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé tó bá ń lo kẹ́ẹ̀gì, kó kún un dé ẹnu. Èyí tí kò kún, iyanrìn á máa ṣí lọ ṣí bọ̀ nínú rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló sì ń jìyà. Àwọn irin ìbílẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rọ sínú garawa ọ̀dà náà wà: garawa lítà 4, kọnkéré inú rẹ̀ nìkan súnmọ́ kílò 10. Ṣùgbọ́n mi ò ní fún ẹni tó wà lórí kírọ́ọ̀ṣì ní èyí tó jẹ́ pé sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo ló di irin mú. Ó máa ń yọ.

Nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: ta ló ń gbé irin náà wá? Ẹni tó wà lórí kírọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ gbé dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì rìn, ì báà jẹ́ kílò méjì. Kí gbogbo ohun èlò ti wà níbi tó máa jókòó sí. Tó bá sì parí, kó gbé e kalẹ̀ sí apá ẹsẹ̀ òsì, kó má baà jẹ́ pé POP ló máa gbà á.

Adé_Olúyọ̀lé

Ẹ̀yin ọ̀gá, tó bá jẹ́ orúnkún ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí, tí wọ́n tún okùn inú rẹ̀ so, ṣé ohun kan náà ni? Àbí tó bá jẹ́ itan?

Físíò_Agodi

Kì í ṣe ohun kan náà, Adé. Fún orúnkún, ibi tí ẹsẹ̀ sinmi sí ló yàtọ̀: má fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún fúnra rẹ̀ fún wákàtí gígùn, ó máa ń jẹ́ kó ṣòro láti na án tán. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni kó wà. Ojú ibi tí wọ́n gé kò gbọdọ̀ rin, wọ́n sábà máa ń yọ òwú rẹ̀ láàárín ọjọ́ 10 sí 14.

Itan àti ìbàdí ló le jù. Ẹ̀rọ tí a fi ń fa irin láti òkè ní jímù ní pádì tó ń tẹ itan mọ́lẹ̀, ẹni tí itan rẹ̀ sán ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Iṣan tó ń gbé itan sókè láti ìbàdí ni sit-up ń lò, nítorí náà ó kúrò. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ dúró de ohun tí oníṣẹ́ abẹ yín bá sọ, kẹ́ ẹ má gba ètò tí a fún Àkànjí níbí.

Bàbá_Ọjà'ba

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ òde òní, teguntegun ti ń to egungun kí POP tó dé. Tí ó bá ń fi òrí pa ẹsẹ̀ náà nírọ̀lẹ́, tó sì fi ọparun dì í, á yá ju báyìí lọ.

Nọ́ọ̀sì_Bódìjà

Bàbá, ẹ kú àgbà o, ẹ má bínú. Egungun tó ti wà nínú POP, a kì í tú u láti lọ fi ọparun dì í. Dídì tó le jù ló máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìka á dúdú, nígbà mìíràn gígé ló máa ń yọrí sí. Àwọn teguntegun tó mọṣẹ́ gan-an ń sọ fún aláìsàn pé kó lọ ya fọ́tò. Nípa fífi òrí pa á: ojúgun tó bá wú, tó gbóná, tó sì ń dùn ní ẹ̀yìn, ẹ má fọwọ́ pa á rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ibẹ̀, fífọwọ́ pa á sì lè jẹ́ kó ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Àkànjí, kọ àwọn wọ̀nyí sílẹ̀. Ìrora tó ń pọ̀ sí i tí oògùn ò fi bò ó mọ́, ìka ẹsẹ̀ tó tutù tàbí tó yí àwọ̀ padà, ìka tó kú tipiri, tàbí ìrora líle nígbà tí ẹlòmíràn bá fọwọ́ gbé ìka náà sókè: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, má dúró di òwúrọ̀. Àyà tó ń dùn pẹ̀lú ìmí tó ń já: UCH tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ ọ jù, lójú ẹsẹ̀ náà ni.

Olóúnjẹ_UI

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, torí ó ti ń di ọ̀rọ̀ irin nìkan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí kò rìn á dín oúnjẹ kù sí ìdajì kó má baà sanra. Iṣan á máa yọ, ẹsẹ̀ tó wà nínú POP ló sì máa ń fojú hàn jù.

Purotéènì: gírámù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan dára fún ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá. 78 lọ́nà 1.6 jẹ́ nǹkan bíi gírámù 125 lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹ̀wà sísè, ife kan, bíi 15. Ẹja tàbí adìẹ sísè gírámù 100, ó ju 20 lọ. Pín in káàkiri ọjọ́, má kó o dé alẹ́. Gbẹ̀gìrì náà ẹ̀wà ni, ẹ má fi àmàlà dá ara yín lẹ́bi, ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì tó ṣàn bí omi ò lè gbé iye yẹn. Pọ̀nmọ́ ò sí nínú ìṣirò mi. Purotéènì awọ ò pé tó láti mọ iṣan.

Fún egungun: wàrà, sàdíìnì tí ẹ jẹ tegungun-tegungun, ẹ̀fọ́. Omi egungun tí wọ́n ń polówó káàkiri, káṣíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kéré.

Àkànjí_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú làálàá o. Mo ti gé kírọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ sí ìwọ̀n, ọmọ wa sì ti gba tíúbù bọ̀. Ẹ bá mi yẹ ètò yìí wò:

Mọ́ńdè: fífà sí ìhà sétì 3, títì látorí ilẹ̀ sétì 3, curl 3.
Wẹ́sìdeè: fífà látòkè 3, fífà sí etí 3, títì sókè orí lórí ìjókòó 3, dips lórí àga 2.
Fúráìdeè: bíi ti Mọ́ńdè.
Lójoojúmọ́: jíju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ lórí ìjókòó kí ọkàn lè ṣiṣẹ́.

Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Físíò_Agodi

Má fi í sílẹ̀ o. Ṣíṣe eré ìdárayá fún ẹsẹ̀ tó yá máa ń jẹ́ kí okun ẹsẹ̀ kejì má dín kù tó bí ìbá ṣe dín, nítorí ọpọlọ ló ń darí méjèèjì. Dùbúlẹ̀, ká orúnkún òsì, gbé ìdí sókè kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì nìkan, kí ọ̀tún nà sókè. Ìgbà 10, sétì 3. Fún ọ̀tún, fún iṣan iwájú itan pọ̀ fún kíkà márùn-ún, tú u sílẹ̀, ìgbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Máa mi gbogbo ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n fi gbogbo rẹ̀ han ẹni tó ń tọ́jú rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ètò rẹ: Mọ́ńdè, jẹ́ kí fífà di 5, fi sétì fífà sí etí 1 kún un, kí títì ṣì jẹ́ 3. Curl 2 tó. Wẹ́sìdeè, yọ dips. Kírọ́ọ̀ṣì ti ṣe é. Fúráìdeè bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹsẹ̀ sọ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: láàárín sétì, gbé e ga. Tí ìka bá wú lẹ́yìn tó o parí, dùbúlẹ̀ kí o gbé e ju ọkàn lọ títí wíwú náà á fi lọ. Tó bá ń wú lójoojúmọ́, dín ìṣẹ́jú ìjókòó kù.

Irin_Òkè_Àdó

Dips tún ti lọ. Ó dáa. Àmọ́ Àkànjí, tó o bá fẹ́ títì sókè orí lórí ìjókòó, jókòó sí àga onígi tó ní ẹ̀yìn, tó sì fara ti ògiri. Àga ike yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí táìlì, pàápàá tí ìwúwo bá wà lókè orí.

Kóòṣì_Challenge

Ìyẹn pọndandan. Lórí ẹ̀ṣẹ́ rẹ: ìṣẹ́jú-àáyá 30 kíkàn, 30 ìsinmi, ìyípo 8 láti bẹ̀rẹ̀. Kí o lè sọ gbólóhùn kan láìdákẹ́ láti mí. Má na ìgúnpá tán pátá nígbà tó o bá ń ju ẹ̀ṣẹ́, ká a díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgúnpá ló máa dùn ọ́. Kí o má sì ṣe é lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí o ò fi fa tíúbù ni kó jẹ́.

Àkànjí_Mọ́kọ́lá

Ìbéèrè kan kù. Láti lọ sílẹ̀ kí n tó ṣe títì orí ilẹ̀ yẹn, ó rọrùn. Báwo ni mo ṣe máa dìde?

Físíò_Agodi

Ìbéèrè tó yẹ kí a ti dáhùn ṣáájú. Gbé bẹ́ńṣì onígi yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ó má lè sún, kí o tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o tó lọ sílẹ̀. Kírọ́ọ̀ṣì méjèèjì fara ti ògiri níbi tí ọwọ́ lè dé.

Tó o bá parí, kọ́kọ́ dìde jókòó kí o dúró díẹ̀ kí òòyì má kọ́ ọ. Kọ ẹ̀yìn sí bẹ́ńṣì, ká orúnkún òsì kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ nítòsí ìdí, na ẹsẹ̀ POP síwájú. Gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé bẹ́ńṣì lẹ́yìn rẹ. Fi ẹsẹ̀ òsì àti ọwọ́ ti ara sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìdí gun bẹ́ńṣì. Jókòó síbẹ̀. Fi ọwọ́ kan di kírọ́ọ̀ṣì méjèèjì mú pọ̀ ní ibi ìdìmú, ọwọ́ kejì tẹ bẹ́ńṣì, dìde lórí ẹsẹ̀ òsì. Ìgbà tó o bá ti dúró ṣinṣin ni kí o tó pín wọn sí abíyá méjèèjì.

Tí bẹ́ńṣì bá ga jù, gbé ìrọ̀rí tó le sí ilẹ̀, jókòó lé e ná, kí o tó gun bẹ́ńṣì. Ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹnìkan wà nítòsí. Kó má fa ọ́ lápá o. Kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kó di bẹ́lítì rẹ mú. Tó o bá sì rí i pé o ò lè dìde báyìí láìtẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ṣe títì náà lórí ibùsùn tó le dípò ilẹ̀, pẹ̀lú dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnìkan sì máa nawọ́ rẹ̀ sí ọ.